Ta Ló Lè Jókòó Jẹun ní Èkó? Ìtàn Tí Mo Bá Pàdé Nígbà Tí À Ń Wá Tábìlì fún Màámi àti Bàámi

Ẹ má bínú pé ọ̀rọ̀ ilé wa ni mo fi bẹ̀rẹ̀. Ìtàn ni mo ń bọ̀ wá sọ, ṣùgbọ́n inú ọ̀rọ̀ ilé ni mo ti bá a pàdé.

Ní ìparí ọdún 2024, Màámi àti Bàámi pé ọdún 25 tí wọ́n ti fẹ́ra. Àwa ọmọ mẹ́ta pinnu pé a kò ní ṣe páátì. A kò ní pàgọ́, a kò ní dá aṣọ ẹbí, a kò ní pe olórin tí yóò máa kì wá títí owó àpò wa yóò fi tán. A ó mú àwọn méjèèjì lọ sí ilé oúnjẹ kan ní Èkó, wọn yóò jókòó, ẹlòmíràn yóò sì gbé oúnjẹ wá bá wọn. Lójú wa, ọ̀rọ̀ kékeré ni. Ṣùgbọ́n Múṣin ni Màámi ti ń ta oúnjẹ láti ìgbà tí mo ti gbọ́njú. Àmàlà wọn ni àwọn awakọ̀ àti mẹkáníìkì àdúgbò wa ń jẹ lójoojúmọ́. Owó oúnjẹ yẹn ni wọ́n fi rán èmi gan-an wá sí yunifásítì.

Nígbà tí ẹ̀gbọ́n mi là á mọ́lẹ̀ fún wọn, Màámi kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní, "Èmi àti bàbá yín? Ká kọjú síra wa nídìí tábìlì níta, ká máa jẹun bí ọmọdé tó ń fẹ́ra? Kí làwọn èèyàn á wí?" Bàámi ní tiwọn bi wá pé, "Ṣé ìyá yín ò mọ oúnjẹ sè mọ́ ni?" Bí a ṣe ń bẹ̀ wọ́n, orí mi ń ṣiṣẹ́. Ìbéèrè Màámi kì í ṣe ìbéèrè ìtìjú lásán. Ìgbà wo gan-an ni tọkọtaya Yorùbá bẹ̀rẹ̀ sí jókòó jẹun níta pọ̀? Àti pé ní Èkó, ta ni wọ́n máa ń gbà láyè kó jókòó?

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ mú àṣìṣe kan kúrò. Oúnjẹ rírà jẹ níta kì í ṣe ohun tí òyìnbó kọ́ wa. Ẹ̀kọ, àkàrà, èkuru, mọ́ín-mọ́ín: lọ́wọ́ olóúnjẹ ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń rà á láti ìgbà pípẹ́. Àgbẹ̀ tó ń lọ sóko láàárọ̀, oníṣòwò tó wà lójú ọ̀nà, àpọ́n tí kò ní ìyàwó nílé, gbogbo wọn ló mọ ibi tí ẹlẹ́kọ máa ń gbé igbá rẹ̀ sí. Àwọn òyìnbó tó rin ilẹ̀ Yorùbá ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún rí àwọn obìnrin tó ń ta oúnjẹ tó ti jinná ní ọjà àti lẹ́bàá ọ̀nà, wọ́n sì kọ ọ́ sínú ìwé wọn. Kò sí ìtìjú kankan nínú rírà. Ṣùgbọ́n ẹni tó ra ẹ̀kọ, ó ń jẹ ẹ́ lórí ìdúró ni, tàbí kó gbé e lọ sílé.

Jíjókòó ló yàtọ̀. Nínú agbo ilé àtijọ́, a máa ń gbé oúnjẹ baálé lọ bá a ní ọ̀tọ̀ ni. Àwọn ọmọ á yí àwo kan ká, ìyá á sì jẹ tirẹ̀ lẹ́yìn tí gbogbo wọn bá ti gbà. Kí ọkọ àti aya jọ dojú kọra, kí ẹni kẹta sì máa sìn wọ́n, kò sí nínú ètò yẹn rárá. Nítorí náà Màámi ò jẹ̀bi. Nínú ọdún 25 yẹn, àwọn ni wọ́n ń bu oúnjẹ sáwo, nílé àti ní ìsọ̀.

Ọ̀dọ̀ àwọn Sàró àti àwọn Àgùdà ni ẹ ó ti rí àṣà kíka ọdún ìgbéyàwó. Àwọn Sàró ni àwọn tó ti Sàró (Freetown àti àgbègbè rẹ̀) padà wálé, àwọn Àgùdà sì ni àwọn tó ti Brazil àti Cuba dé. Ní ọdún 1884, ìjọba amúnisìn ṣe òfin ìgbéyàwó kan ní Èkó tó sọ ọ́ di ìyàwó kan ṣoṣo, tó sì fún aya àti ọmọ lẹ́tọ̀ọ́ láti jogún. Kristin Mann kọ ìwé kan tó jáde ní ọdún 1985, *Marrying Well*, lórí ìgbéyàwó láàárín àwọn ọ̀mọ̀wé Èkó ìgbà náà. Ẹ wá a kà bí ẹ bá rí i ní ilé ìkàwé, pàápàá ẹ̀yin tí ẹ rò pé wàhálà ìnáwó ìgbéyàwó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ni. Àwọn ìwé ìròyìn Èkó máa ń ròyìn ìgbéyàwó àwọn èèyàn ńlá wọ̀nyí látòkè délẹ̀: aṣọ, kéèkì, ẹ̀bùn, ọ̀rọ̀ ìkíni. Ṣùgbọ́n ẹ kíyè sí i pé yàrá ìgbàlejò wọn ni wọ́n ti ń ṣe àsè náà.

Iṣẹ́ ló bí ilé oúnjẹ àwọn tálákà. Nígbà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ ọ̀nà rélùwéè ní Èkó ní apá ìparí ọ̀rúndún kọkàndínlógún, tí wọ́n sì parí Carter Bridge ní ọdún 1901, àwọn ọkùnrin ya wá láti ìlú gbogbo, ọ̀pọ̀ wọn láìmú ìyàwó dání. Ẹni tó ń gbé ẹrù ní èbúté láti àárọ̀ kò lè lọ sílé jẹun lọ́sàn-án. Obìnrin tó bá ní ìkòkò, àdògán àti àgọ́ kékeré ti rí iṣẹ́. Ọ̀dọ̀ Hausa ni a ti yá ọ̀rọ̀ "bùkà", èyí tó túmọ̀ sí àgọ́ tàbí ahéré. Nígbà tó yá, àwọn ọmọ ilé ìwé pa á pọ̀ mọ́ ọ̀rọ̀ òyìnbó, ó di "bùkátérìà", bóyá kí ó lè dà bí ohun tí èèyàn lè mú ọ̀rẹ́bìnrin lọ. Ní ọdún 1950, iye èèyàn tí wọ́n kà ní Èkó jẹ́ nǹkan bí 230,000. Ní ọdún 1963 ó ti tó nǹkan bí 665,000. Ẹ ronú iye ìkòkò ọbẹ̀ tí ìyẹn jẹ́. Kò sí ẹni tó kọ orúkọ àwọn obìnrin wọ̀nyẹn sínú ìwé ìtàn, bẹ́ẹ̀ àwọn ló bọ́ rélùwéè.

Lórí erékùṣù, nǹkan mìíràn ń lọ. Àwọn òyìnbó ní ibùgbé tiwọn ní Ìkòyí, wọ́n ní ẹgbẹ́ tiwọn, wọ́n sì ní hòtẹ́ẹ̀lì tí wọ́n ti ń jẹ, tí wọ́n ti ń mu. Àwọn ọ̀mọ̀wé Èkó náà ò jókòó lásán. Wọ́n dá Yoruba Tennis Club sílẹ̀ ní Oníkan ní ọdún 1926. Ní ọdún 1943 wọ́n dá Island Club sílẹ̀, níbi tí ẹ̀yà tàbí àwọ̀ kankan kò ti jẹ́ ìdènà. Bí wọ́n bá ti ẹ ní ilẹ̀kùn kan, ẹ kọ́ ilé tiyín: ọgbọ́n tí wọ́n dá nìyẹn. Ó wúlò, ṣùgbọ́n ilẹ̀kùn àkọ́kọ́ ṣì wà ní títì.

Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ Bristol Hotel ti wọlé. Bí ẹ bá ṣe kọ́ọ̀sì lórí ìtàn ìjà òmìnira ní Nàìjíríà, ẹ ó ti rí orúkọ rẹ̀ nínú gbólóhùn kan tàbí méjì, kí olùkọ́ tó yára kọjá lọ sí òfin ìṣèlú ọdún 1951. Mo rò pé ó yẹ ká dúró níbẹ̀ díẹ̀.

Erékùṣù Èkó ni hòtẹ́ẹ̀lì náà wà, Gíríìkì sì ló ni ín. Ní oṣù Kejì ọdún 1947, òṣìṣẹ́ ìjọba Gẹ̀ẹ́sì kan dé sí Èkó láti London lórí iṣẹ́ ìjọba. Ivor Cummings ni orúkọ rẹ̀. Àwọn ìjọba Èkó ti bá a gba yàrá sílẹ̀ ní Bristol Hotel. Nígbà tó dé ẹnu ọ̀nà tí wọ́n rí i pé aláwọ̀ dúdú ni, wọ́n kọ̀ láti gbà á sílé. Ọmọ bíbí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni Cummings o. West Hartlepool ni wọ́n ti bí i ní ọdún 1913. Dókítà ọmọ Sàró ni bàbá rẹ̀, òyìnbó ni ìyá rẹ̀. Òṣìṣẹ́ Colonial Office, iléeṣẹ́ tó ń ṣàkóso Nàìjíríà fúnra rẹ̀, ni. Ẹni tí ọ̀gá àwọn ọ̀gá rán wá ni wọ́n lé kúrò lẹ́nu ọ̀nà.

Ẹ wá wo iṣẹ́ tí ọkùnrin yìí ń ṣe. Ní London, láti ọdún 1935, ó ti jẹ́ alábòójútó ní Aggrey House, ilé tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ láti Áfíríkà àti West Indies ń dé sí, nítorí pé àwọn onílé tó wà níbẹ̀ kì í fẹ́ gba aláwọ̀ dúdú. Ìdí kan náà ló jẹ́ kí Ládípọ̀ Ṣólàńkẹ́, ọmọ Abẹ́òkúta, àti ẹgbẹ́ WASU tó bá wọn dá sílẹ̀ ní ọdún 1925, ṣí ilé tiwọn ní Camden ní ọdún 1933. Iṣẹ́ Cummings ni láti wá ibùsùn fún àwọn tí wọ́n ti lé kúrò lẹ́nu ọ̀nà. Ó wá rìnrìn àjò dé ilẹ̀ àwọn aláwọ̀ dúdú, wọ́n sì lé òun náà.

Àkókò tó bọ́ sí kò dára fún ìjọba. Ìdaṣẹ́sílẹ̀ ńlá ọdún 1945 kò tíì kúrò lọ́kàn àwọn èèyàn. Herbert Macaulay kú ní ọdún 1946 nígbà tí àwọn NCNC ń rin kiri orílẹ̀-èdè láti kọ òfin ìṣèlú tí Gómìnà Arthur Richards gbé kalẹ̀. Òfin náà ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní oṣù Kìíní ọdún 1947 ni, inú sì ń bí àwọn èèyàn sí i. Ni ọ̀rọ̀ hòtẹ́ẹ̀lì yìí bá jáde sínú ìwé ìròyìn. *West African Pilot* ti Azikiwe gbé e, ariwo sọ, ìpàdé àti ìfẹ̀hónúhàn bẹ̀rẹ̀. Ohun tó yà mí lẹ́nu jù ni pé àwọn NCNC àti Nigerian Youth Movement, tí wọn kì í fẹ́ rí ara wọn sójú nígbà náà, para pọ̀ lórí ọ̀rọ̀ yìí. Kò pẹ́ tí Richards fi pàṣẹ pé kí ìyàsọ́tọ̀ nítorí àwọ̀ kásẹ̀ nílẹ̀ ní àwọn ibi tí gbogbo èèyàn ń lò.

Mo ti gbọ́ tí àwọn kan nínú kíláàsì wa sọ pé ìjà àwọn ọlọ́lá lásán ni. Wọ́n ní ta ni nínú àwọn ará Ẹbútẹ́ Mẹ́ta ló lè sanwó yàrá ní Bristol? Òótọ́ wà nínú rẹ̀. Ìyá tó ń ta ẹ̀bà ní Ìdó kò ní ìdí láti lọ síbẹ̀. Síbẹ̀ mi ò gbà pẹ̀lú wọn. Bí wọ́n bá lè lé ẹni tó ní owó, tó ní ìwé, tó ní lẹ́tà ìjọba lọ́wọ́, ó ti hàn pé kò sí iye owó tàbí ìwé tó lè tó. Ohun tí àwọn èèyàn gbọ́ nìyẹn, àní àwọn tí kò mọ ọ̀nà Bristol. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì náà, Learie Constantine, gbajúmọ̀ eléré kíríkẹ́ẹ̀tì láti Trinidad, ti lọ sí kóòtù lórí irú rẹ̀. Imperial Hotel ní London sọ fún un ní ọdún 1943 pé alẹ́ kan péré ló lè sùn. Adájọ́ dá a láre ní ọdún 1944, ó sì fún un ní gíní 5. Gíní 5! Ìwé ìròyìn ló ṣe iṣẹ́ tó kù.

Ní ti Cummings, ó padà sí London sídìí iṣẹ́ rẹ̀. Nígbà tí ọkọ̀ ojú omi Empire Windrush dé Tilbury ní oṣù Kẹfà ọdún 1948, òun ni Colonial Office rán láti pàdé àwọn èrò láti West Indies, kí ó sì bá wọn wá ibi tí wọn yóò sùn.

Lẹ́yìn náà, àwọn ilẹ̀kùn ń ṣí, wọ́n ń ṣí ní ìkọ̀ọ̀kan. Bobby Benson ṣí Caban Bamboo, níbi tí ọmọ Èkó ti lè wọ kóòtù, kí ó jó, kí ó sì jẹun láìbẹ òyìnbó. Federal Palace ṣí ní ọdún 1960, ọdún òmìnira. Ní Marina, àwọn UAC ní ibi tí wọ́n ti ń mu kọfí nínú ilé ìtajà Kingsway. Ní ọdún 1973 wọ́n sọ ọ́ di Kingsway Rendezvous, ní ọdún 1986 ó di Mr Bigg's. Ẹ má fi Mr Bigg's ṣe yẹ̀yẹ́ o. Ìyá tí kì í wọ hòtẹ́ẹ̀lì lè mú ọmọ mẹ́rin wọ ibẹ̀ lọ́jọ́ ìbí, kí wọ́n jókòó nínú ẹ̀rọ amúlétutù pẹ̀lú míìtì páì, kí ẹnikẹ́ni má bi wọ́n léèrè ohun tí wọ́n ń wá. Lọ́jọ́ ìbí ọdún keje mi, nínú irú ibẹ̀ ni mo ti kọ́kọ́ rí Màámi tí wọ́n jókòó tí ẹlòmíràn ń gbé nǹkan wá. Wọ́n fi tíṣù nu tábìlì náà kí wọ́n tó jókòó, wọ́n sì tún nu ún nígbà tí a fẹ́ máa lọ.

Ó yá, ẹ jẹ́ ká padà sí ọdún 2024. A dá owó jọ, a sì bẹ̀rẹ̀ sí pe àwọn ilé oúnjẹ. Ọ̀kan ní Victoria Island sọ fún ẹ̀gbọ́n mi pé ₦40,000 ni owó tó kéré jù tí ẹnì kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ ná. Ìyẹn ò burú. Ó tún ní kí wọ́n má wọ sálúbàtà, àti pé "aṣọ ìbílẹ̀ tó bá mọ́ níwọ̀n" ni kí wọ́n wọ̀. Ẹ̀gbọ́n mi bi í pé kí ni aṣọ ìbílẹ̀ tó mọ́ níwọ̀n. Ó ní òun ò lè ṣàlàyé, pé ẹni tó wà lẹ́nu ọ̀nà ló máa ń wò ó. Ọmọ Yorùbá bíi tiwa ni ẹni tó ń sọ̀rọ̀ yìí o, a gbọ́ ọ lóhùn rẹ̀. Mo rẹ́rìn-ín nítorí pé inú ìwé Bristol ni mo wà ní ọ̀sẹ̀ yẹn. Ẹ̀gbọ́n mi kò rẹ́rìn-ín, ó já fóònù.

Ẹ ó rántí pé ní oṣù Kẹrin ọdún kan náà ni FCCPC ti ilé ìtajà kan pa ní Abuja, lẹ́yìn tí fídíò kan jáde pé wọn kì í gba ọmọ Nàìjíríà wọlé níbẹ̀. Òfin orílẹ̀-èdè wa tọdún 1999, ọdún tí Màámi àti Bàámi fẹ́ra gan-an, sọ ní abala 42 pé a kò gbọ́dọ̀ ya ọmọ Nàìjíríà sọ́tọ̀ nítorí ẹ̀yà, ẹ̀sìn tàbí ibi tí wọ́n ti bí i. Abala yẹn kò mẹ́nu ba sálúbàtà.

Ilé oúnjẹ mìíràn la mú nígbẹ̀yìn, lórí erékùṣù, ibi tí wọ́n ti ń se ọbẹ̀ wa. A gba tábìlì sílẹ̀ ní aago mẹ́ta ọ̀sán ọjọ́ Àìkú, kí sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ má bàa mú wa lórí afárá Third Mainland. Bàámi wọ agbádá. Màámi wọ aṣọ òkè tí wọ́n fi ṣe ìgbéyàwó, wọ́n sì wọ sálúbàtà, nítorí pé ẹ̀gbọ́n mi kọ̀ jálẹ̀ pé kí wọ́n má wọ bàtà mìíràn.

Tábìlì ẹni méjì la gbà fún wọn, àwa ọmọ jókòó síbi tó jìnnà díẹ̀. Nígbà tí agbáwo gbé omi ìfọwọ́ dé, Màámi ti fẹ́ dìde bá a gbà á. Bàámi fà wọ́n lọ́wọ́, wọ́n jókòó. Wọ́n jẹ àmàlà, gbẹ̀gìrì àti ewédú, èyí tí wọ́n ń tà lójoojúmọ́, nítorí wọ́n ní àwọn fẹ́ mọ bí ti ibí ṣe rí. Ìgbà tó yá, wọ́n ní kí wọ́n bá àwọn pe ẹni tó sè é. Ìyáálé kan jáde wá láti ilé ìdáná, ó ń fi épúrọ́ọ̀nù nuwọ́, ó rò pé ẹjọ́ ni. Ọ̀rọ̀ owó èlùbọ́ ni àwọn méjèèjì bẹ̀rẹ̀ sí sọ. Wọ́n sọ ọ́ títí ọbẹ̀ fi tutù, wọ́n sì gba nọ́ńbà ara wọn.

Lọ́nà ilé, a gba Broad Street kọjá. Mo sọ ìtàn Cummings fún wọn nínú mọ́tò, ti hòtẹ́ẹ̀lì, ti ìwé ìròyìn, ti àṣẹ gómìnà. Bàámi bi mí léèrè nípa Azikiwe àti Macaulay, a fa ọ̀rọ̀ ìṣèlú títí a fi gun afárá. Màámi dákẹ́ ní ẹ̀yìn ọkọ̀. Nígbà tí a fẹ́rẹ̀ẹ́ dé Yaba ni wọ́n tó sọ̀rọ̀.

"Ọkùnrin yẹn," wọ́n ní, "ẹ ṣáà ní alẹ́ ló dé. Ta ló wá fún un lóúnjẹ?"

Mo ní, "Màámi, mi ò sọ pé alẹ́ ni."

Wọ́n ní, "Ìgbà yòówù kó jẹ́. Ta ló fún un lóúnjẹ?"